Ìdí Tí Mo Fi Fárí

Abọ́sẹ̀dé ọmọ mi,

Jemimah, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Orúnkún bàbá rẹ ti sàn díẹ̀.

Ibà tí mo ní ó ń ṣe mí lórí fóònù, irọ́ ni. Jẹjẹrẹ ọmú ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni mò ń lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdí-Àràbà. Mo máa ń jókòó sórí àga, oògùn á máa kán wọ inú iṣan mi títí di ọ̀sán, àmọ́ ilé ni mo ti máa ń sùn. Èébì máa ń gbé mi fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà mo máa ń mu ẹ̀kọ.

Nígbà tí irun ń já, mo ní kí wọ́n fá a tán. Ni ìyá Habeeb, aládùúgbò wa, bá rí orí mi, ó figbe ta: "Yéè! Ìgbà wo ni bàbá kú?" Bàbá rẹ dáhùn láti yàrá: "Mi ò tíì kú o, mò ń jẹun ni!"

Dókítà bi mí bóyá mo ní ọmọbìnrin. Mo ní ọ̀kan ni mo ní. Ó ní kí ìwọ náà lọ ṣe àyẹ̀wò ọmú, torí ó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ọmú ló pa ìyá tèmi náà, eéwo la pè é. Má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú wá sílé, má sọkún sí mi létí. Lọ lọ́sẹ̀ yìí, kí o sì pè mí lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọlọ́run á jẹ́ kí o gbó jù mí lọ.

Èmi ni, ìyá rẹ.