Tábìlì Tí Mubaraq Gbé Wá

Ẹ̀yìn Ọjà Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ Àlàmísì.

Bushrah ọmọ mi, Àṣàkẹ́ ọmọ Mashood,

Àsàlámù àléékúmù. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń jẹun gidi, àbí búrẹ́dì ni ìwọ àti Èkó ṣì jọ ń bá ṣeré? Ọlọ́hun Ọba tó ń dá ọ sí láàárín ariwo yẹn yóò máa dá ọ sí lọ, ohun tó ń lé ẹlòmíràn sáré kò ní mọ ojúlé rẹ. Ìyá rẹ ń kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́, ó ti ń kírun báyìí láìdi àga mú. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì, akọ ni méjèèjì, ó ní kí n má gbàgbé láti sọ fún ọ.

Má bínú pé ìwé ni mo kọ, tí mi ò pè ọ́. Ìwọ náà mọ̀ pé Èkó jìnnà, bí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo gbọ́dọ̀ pariwo dáadáa kí ohùn mi tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ. Nígbà tí mo pè ọ́ kẹ́yìn lórí ọ̀rọ̀ Mubaraq àfẹ́sọ́nà rẹ, àwọn aláta Akẹ̀sán ló kọ́kọ́ bá mi dá sí i. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí dá mi dúró lọ́nà, ó ní kí n wádìí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn dáadáa. O bi mí bóyá mo fọwọ́ sí i kí ó wá tọrọ rẹ. Ìdáhùn wà nínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́, má sáré lọ wo ìsàlẹ̀. Láti òkè ni kó o ti kà á wá.

Ṣé o rántí pé nígbà tó kọ́kọ́ wá kí wa lẹ́yìn ààwẹ̀, ó gbé tábìlì kan wá fún mi? Abíyá kan ṣoṣo ló fi há a wọlé bí ẹni gbé ẹní. Ẹ̀rù bà mí, mo ní irú agbára wo rèé! Tábìlì náà ń dán débi pé èèyàn lè fá irùngbọ̀n níwájú rẹ̀. Ìyá rẹ súre títí ẹnu fi ro ó. Mubaraq fún mi ní ìwé kan tó bá a wá, ó ní gáráńtì ọdún márùn-ún ni. Mo mi orí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìyá rẹ da ògì sí i lórí. Ògì lásán, Bushrah! Kí a tó jẹun ọ̀sán, igun rẹ̀ ti wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń ro. Mo fi ọ̀bẹ hó o wò. Kò sí igi níbẹ̀ o. Ìyẹ̀ igi ni, èyí tí ayùn ń tú sílẹ̀, tí a máa ń kó sínú àpò fún àwọn olóko adìyẹ kí adìyẹ lè rí nǹkan sùn lé. Ẹnì kan fi gọ́ọ̀mù pò ó pọ̀, ó ya àwòrán igi sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára. Mo kawọ́ lérí. Mo ní háà, wọ́n ti lu ọmọ ọlọ́mọ ní jìbìtì ní Èkó!

Mo mú ìwé gáráńtì náà jáde. Mo kọ́kọ́ kà á sí tábìlì náà létí, nítorí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò gbọdọ̀ bàjẹ́ kí ọdún márùn-ún tó pé. Kò gbọ́. Mo wá kọ ọ̀rọ̀ sí àwọn àlàfo inú rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè ipò tí ọjà wà, mo kọ ọ́ pé ara rẹ̀ kò yá. Níbi tí wọ́n ti béèrè iye ọdún, mo kọ mọ́kàndínláàádọ́rin, kí wọ́n mọ̀ pé àgbàlagbà ni wọ́n ń dààmú. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n ya nǹkan onígun mẹ́rin kan, dúdú àti funfun, ó rí wúruwùru. Mo wò ó, mo sì mọ̀ ọ́n: ọ̀nà ikán ni, bó ṣe máa ń rí lára pákó tí wọ́n ti jẹ tán. Àwọn oníjìbìtì yẹn ti jẹ́wọ́ lórí ìwé ohun tí ikán máa fi tábìlì náà ṣe!

Alfa Basit, aládùúgbò wa, wá wò ó, ó ní ọ̀rọ̀ ti parí, ẹni tó bá gbé irọ́ wá kí àna, irọ́ ni yóò fi bọ́ ìyàwó. Mo bá a jiyàn. Mo ní ọmọ náà kò mọ̀ ni. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn, nítorí ìwọ nìkan lọmọbìnrin tí mo ní, mi ò sì lè fi ọ́ fún ẹni tí mi ò mọ inú rẹ̀.

Kí ojú má baà ti Mubaraq, mo ní kí n kan òmíràn tó jọ ọ́ gẹ́lẹ́, kí n rọra fi rọ́pò rẹ̀. Mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń la igi ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ra pákó igi apá tí wọ́n gé lọ́nà Ìrẹsà. O mọ apá, òun ni wọ́n fi gbẹ́ odó ìyá rẹ. Ó pupa, ó wúwo, ikán kì í fẹnu kàn án, bó bá sì ti gbẹ tán, òjò ò rí i gbé ṣe, kì í tẹ̀, kì í sán. Ṣùgbọ́n igi onígbéraga ni. Ó ń jẹ eyín ayùn bí ẹni jẹ ẹ̀pà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pọ́n ayùn kí n tó gé ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ìyẹ̀ rẹ̀ a sì máa múni sín, mo sín títí àdúrà fi tán lẹ́nu ìyá rẹ. Gbogbo oríkèé tábìlì náà, ihò ni mo gbẹ́ tí mo fi ki igi bọ igi, mi ò kan ìṣó kankan. Mo fi òróró pa á títí ó fi ń dán.

Mubaraq padà wá lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó kọjá. Ìyá rẹ ní kó bá òun sún tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó na ọwọ́ kan sí i. Tábìlì ò mira. Ó fi ìkejì kún un, ó di ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, òógùn bò ó. Mo kọjú sí fèrèsé bíi pé mi ò rí i. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó fi èékánná kàn án. Mo yára sọ fún un pé bí tábìlì bá pẹ́ nílé wa, ó máa ń sanra ni.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí n dárí ji òun, kò sẹ́ni tó lu òun ní jìbìtì, òun gan-an ló ń tà á, ó kún ṣọ́ọ̀bù òun, ìwọ náà sì mọ̀. Bushrah, o mọ̀! O mọ̀, o sì panu mọ́, kí èmi máa gbèjà rẹ̀ lójú Alfa Basit! O máa délé wá bá mi. Inú bí mi, mi ò purọ́ fún ọ.

Mo fún un ní ayùn àti pákó apá tó ṣẹ́kù, mo ní kó gé e sí méjì fún mi. Láti ìgbà tí a kírun ọ̀sán tán títí di Alásárì ló wà lórí rẹ̀. Ó sín, omi bọ́ lójú rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ròrò. Nígbà tó gé e já, kò béèrè omi. Ó jókòó, ó bi mí pé kí ni kí òun wí fún àwọn tó ti rà á lọ́wọ́ òun, tí wọ́n rò pé igi ni. Ìbéèrè yẹn ló gbà mí lọ́kàn. Mo ní kó máa sọ òótọ́: ìyẹ̀ ni, kì í fẹ́ omi, owó rẹ̀ ò pọ̀. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lówó apá, ìyẹ̀ náà wúlò níbi tó bá a mu, irọ́ ló burú. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ, ó ti kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ṣọ́ọ̀bù pé ìyẹ̀ igi lòun ń tà. Mo fi ìka pa á wò lójú fóònù náà, ọ̀dà rẹ̀ ti gbẹ.

Nítorí náà, mo ti fọwọ́ sí i. Kó mú àwọn ẹbí rẹ̀ wá lẹ́yìn Iléyá. Alfa Basit ni yóò so yìgì, ó ti gbà, ó kàn ń kùn ni.

Ìyá rẹ ń fẹ́ bàtà tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà, èmi ń fẹ́ fáìlì tí màá fi pọ́n ayùn tí ọkọ rẹ ti sọ di aláìléyín. Jọ̀ọ́, dírẹ́bà ni kó o fi owó náà rán. Èyí tó o fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá, àlàáàtì rẹ̀ ti dé sórí fóònù, mo ṣì ń retí owó fúnra rẹ̀. Mo ti béèrè ní gáréèjì lẹ́ẹ̀mejì, kò sí dírẹ́bà tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Ohun kan kù tí mi ò sọ fún ọ rí. Ọ̀sẹ̀ tí a bí ọ, mo ra pákó apá mẹ́fà, mo kó wọn sókè àjà ilé ìdáná kí èéfín máa yá wọn. Ibùsùn ìgbéyàwó rẹ ni mo rà wọ́n fún. Apá kì í tètè gbẹ, èmi náà ò sì bẹ̀ ẹ́ kó yára. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n rèé. Lánàá Mubaraq wá, èmi àti ẹ̀ jọ ń gbé wọn sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó kan ẹ̀kẹfà, mo ní kó fi í sílẹ̀ ná. Omi ti ń bọ́ lójú mi, mo ní èéfín ni, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyá rẹ ò tíì dáná.

Ọlọ́hun yóò fi àlàáfíà sínú ilé tí o ń lọ, wàá bí akọ, wàá bí abo, ojú ò ní tì ọ́ níbẹ̀ láé. Ẹ̀kẹfà ṣì wà lókè àjà. Ìwọ ni kó o wá gbé e sọ̀kalẹ̀.

Èmi bàbá rẹ,
Mashood Káfíńtà.