Tọ́ọ̀ṣì Mẹ́ta Tí O Fi Ránṣẹ́ Sínú Fóònù

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé o ń rí oorun sùn, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ojú rere ni ayé yóò máa fi wò ọ́, ibi tí o bá dé, tọwọ́tẹsẹ̀ ni wọn yóò fi gbà ọ́. Àwa náà wà láàyè, bàbá yín kò sì kú, mo tètè sọ èyí nítorí mo mọ̀ ọ́. Télọ̀ iwájú ilé ní o ti ń bínú pé o pè wá títí, a kò gbé e. Ó ní kí n fi fóònù tirẹ̀ bá ọ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń fetí sílẹ̀ jù, ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé. Jókòó, jẹ́ kí n ro ẹjọ́ wa.

O mọ̀ pé tọ́ọ̀ṣì tí bàbá yín ń gbé wọ kànga lọ kó ẹrẹ̀ ti darúgbó, à ń gbá a létí kó tó tàn. A dúpẹ́ gan-an nígbà tí o fi mẹ́ta ránṣẹ́ sínú fóònù, tí o ní kí a mú èyí tí wọn á lè máa fi sápò lójoojúmọ́, tí kò sì ní já wọn kulẹ̀ lọ́jọ́ ìṣòro. A kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. A gbé fóònù wọ yàrá ẹrù tí kò ní fèrèsé, a tilẹ̀kùn, a dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kéré bí ìka, tí wọ́n tẹ́ aṣọ dúdú sí lábẹ́, kò tàn rárá. Èyí tó gùn tàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó sanra, tó wà lórí aṣọ funfun, ọmọ mi, mo rí àpò ìrẹsì, mo rí ìkòkò, mo tún rí bàtà mi kejì tí mo ti torí rẹ̀ lu ajá.

Nọ́ńbà kan wà lábẹ́ rẹ̀, bàbá yín rò pé ti ẹni tó ṣe é ni, wọ́n sì pè é láti bèèrè bóyá ó lè gba ìṣubú. Obìnrin kan ní nọ́ńbà náà kò sí. Bàbá yín bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ohùn kan náà ló ṣì fi dá wọn lóhùn, ó jọ pé wọn kò kọ́ ọ nílé. Télọ̀ wá ka ìyókù tí wọ́n fi òyìnbó kọ fún wa, ó ní omi kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Bàbá yín ti ń bu omi sínú bàsíà láti dán an wò, èmi ni mo di ọwọ́ wọn mú. Mo ní omi kò lè ṣe tọ́ọ̀ṣì lóòótọ́, dígí tó wà níwájú rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní ọgbọ́n ń bẹ lórí mi.

Kànga ẹ̀yìnkùlé télọ̀ kún fún ẹrẹ̀, ó sì gbé iṣẹ́ náà fún bàbá yín. Wọ́n ní àwọn kò gbé arúgbó tọ́ọ̀ṣì wọ ibẹ̀ mọ́ nígbà tí tuntun ti dé. Télọ̀ rán àpò kékeré kan tó lójú fèrèsé, a ki fóònù bọ̀ ọ́, a gbé e kọ́ wọn lọ́rùn. Àléébù kan ṣoṣo tí tọ́ọ̀ṣì sísanra yẹn ní ni pé oorun pọ̀ lójú rẹ̀, bí èèyàn kò bá fọwọ́ kàn án, á sùn. Ọwọ́ méjèèjì sì wà lára okùn, nítorí náà àgbọ̀n ni bàbá yín fi ń jí i.

Iṣẹ́ parí, wọ́n ti ń gòkè bọ̀ nígbà tí àgbọ̀n wọn tí omi ti rin kò jí tọ́ọ̀ṣì mọ́. Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ wọn ń wá ihò tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri kànga, tí kò rí i, okùn sì ń gbọ̀n lọ́wọ́ èmi àti télọ̀. Ọmọ mi, ẹ̀rù bà mí. Mo ń rò ó pé èmi ni mo yan tọ́ọ̀ṣì tó fẹ́ pa ọkọ mi.

Ìgbà yẹn ni o pè. Ojú rẹ yọ nínú fóònù, nínú aṣọ funfun, tí o fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín, inú kànga sì mọ́lẹ̀. Bàbá yín rí ihò kan, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ìpè já, òkùnkùn padà dé. O tún pè, wọ́n gun òmíràn. Mo ti máa ń bá ọ wí pé o kò ní sùúrù, pé bí a kò bá gbé e, o kì í jẹ́ kí fóònù sinmi. Lọ́jọ́ náà, mo kúnlẹ̀ lẹ́nu kànga, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọ yìí má ṣe ní sùúrù. Báyìí ni o ń pè tí wọ́n ń gòkè títí orí wọn fi yọ. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé ìwọ lo fa àwọn jáde. Fóònù ló mumi díẹ̀, ó ń yáàrùn lórí òrùlé.

Ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀ṣì wá kù sí ọ lọ́wọ́. A kò fẹ́ èyí tó sanra mọ́, olóorun ni. Kékeré ló wu bàbá yín nítorí eyín lè dì í mú, àmọ́ kò kúkú tàn. Bí ẹni tó ń tà á bá lè fi ojú rẹ sí i níwájú, òun ni kí o rà. Bí kò bá ṣeé ṣe, gbé e wá fúnra rẹ, bóyá ìwọ ló ń dúró dè. Kí o sì fi owó díẹ̀ sí i fún okùn tuntun, èyí tó wà nílẹ̀ ti gbó.

Ìmọ́lẹ̀ rẹ kò ní kú. Bí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ ọ níbikíbi, o kò ní wá ẹni tí yóò pè ọ́ tì. Bí o bá sì pè wá nígbà mìíràn tí a kò gbé e, má bínú. Ṣáà máa pè.

Èmi ni, ìyá rẹ.