Ẹyin Ìyálé Nínú Àbàtà

Màámi, ìyá eléwé, mo kí yín láti ilé,

Ara mi le, ara àwọn ọmọ náà le. Iṣẹ́ ìránṣọ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ọdún kejì rèé tí ẹ ti lọ, n kò sì kọ nǹkan kan sí yín rí, torí èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń bá òkú sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti yẹ àdéhùn tí mo bá yín ṣe, n kò sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé. Ṣé ẹ rántí bí ṣalángá ṣe máa ń kún nígbà òjò, tí omi rẹ̀ á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, tí a ó máa kó ẹní àti àpótí sórí bẹ́ẹ̀dì? Ìyẹn ti tán. Wọ́n ń ri páìpù ńlá mọ́lẹ̀ ní Ìgàndò níbí, èyí tí yóò máa kó omi ẹ̀gbin ilé gbogbo lọ síbi tí wọ́n á ti sẹ́ ẹ kó tó dé odò. Àdúgbò wa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Òjò ńlá rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilẹ̀ yàrá yín sì gbẹ táútáú. Nítorí náà, ẹ má rò pé mo kórìíra iṣẹ́ náà. Ohun tí a ti ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run láti kékeré mi ni.

Àmọ́ inú àbàtà yín lẹ́yìn ilé ni páìpù náà gbà.

Mo ṣì ń rí yín láàárọ̀, ṣòkòtò Bàámi tó ti gbó lábẹ́ ìró, ọ̀bẹ ewé lọ́wọ́. Ẹ ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá ìdí igi ògùrọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ omi, kí onílé lè mọ̀ pé àlejò ń bọ̀. Onílé yẹn ni ọ̀nì kúkúrú tó máa ń kó òkìtì ewé jọ lọ́dọọdún láti yé sí i. Ìyálé lẹ ń pè é, torí ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé yín wọ ilé Bàámi. Tí ẹ bá gé ewé gbódógì tán, ẹ kì í kó èyí tó ya wálé. Ẹ ó kó o sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì rẹ̀, kó lè rí nǹkan fi kọ́lé. Ó máa ń bí mi nínú nígbà yẹn, torí ewé tó ya náà ṣáà ṣeé fi pọ́n mọ́ín-mọ́ín tiwa.

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí ẹ fi òkìtì náà hàn mí, tí ẹ kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún àlejò kankan. Ọdẹ kan ti pa ọ̀kan rí nítorí ẹnu ọmọdé. Nígbà àìsàn yín, ẹ tún mú mi ṣe àdéhùn náà. Mo ní lágbára Ọlọ́run, n kò ní sọ.

Lọ́dún tó kọjá, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ọmọbìnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́ àti bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀. Àwọn tó ń ri páìpù ló rán an. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó wá ń béèrè bóyá ẹranko kankan ń yé tàbí ń bímọ nínú àbàtà náà. Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Ọkàn mi sọ pé àwọn ọdẹ ló ń fi í ṣe amí. Mo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ọ̀pọ̀lọ́ àti ẹ̀fọn lọ. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, Màámi. Mo rò pé ẹ ń wò mí, pé ẹ ń rí i pé ọmọ tí ẹ bí mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́.

Òjò ti gbilẹ̀ kí katapílà tó wọ àbàtà. N kò mọ̀ pé wọ́n ti dé ìdí òkìtì náà títí mo fi gbọ́ ariwo àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tí mo débẹ̀, irin ti là á sí méjì. Ẹyin fọ́ káàkiri inú ẹrẹ̀. Ìyálé dúró níwájú katapílà, ó la ẹnu, kò sá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò ga tó orúnkún mi. Àwọn kan fẹ́ pa á jẹ. Ẹni tó ń wa katapílà, baba kan ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló pa ẹ́ńjìnnì, tó sọ̀ kalẹ̀, tó lé wọn sẹ́yìn. Ó ní òun ò ní fi irin kọlu abiyamọ. Ó dúró síbẹ̀ títí ọ̀nì náà fi fúnra rẹ̀ wọ omi lọ. A kò rí i níbẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin onífáìlì padà wá. Kò bá mi jà. Ì bá sàn kó bá mi jà. Ó kàn fẹ́ mọ ìdí tí n kò fi sọ ni, torí òfin wà tó ń dáàbò bo ọ̀nì, àyè sì wà nínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n ń kọ irú ẹ̀ sí. Ká ní mo sọ ni, wọn ì bá yí páìpù gba ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí kí wọ́n dúró di ìgbà tí ẹyin bá pa. Ó ṣí ojú ìwé náà hàn mí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ àti ẹ̀fọn.

Màámi, ẹnu tí mo pa mọ́ nítorí yín ló pa àwọn ọmọ yẹn. Mo sunkún bíi pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Ta ni kí n bínú sí? Ṣé ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi ni, àbí èmi tí mo gbọ́ràn? Ká ní ẹ wà láyé, tí ọmọ yẹn sì kúnlẹ̀ kí yín, ṣé ẹ ó sọ fún un? Mo ti bi ara mi títí, ó ti sú mi.

Lọ́dún yìí, wọ́n tún fẹ́ ri ẹ̀ka páìpù kan gba òdìkejì omi, lápá ibi tí ẹ ti máa ń pọ́n ọ̀bẹ. N kò lè sọ bóyá Ìyálé fúnra rẹ̀ ló kó lọ síbẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n òkìtì tuntun wà níbẹ̀, mo sì ti ń kó ewé lọ fún un. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni ọkàn mi kò fi sí nílé. Mo rán apá bùbá oníbàárà kan sódì, ó sì fi ẹnu gbá mi lójú dáadáa.

Lẹ́yìn náà, mo pe ọmọbìnrin náà lórí fóònù. Èmi fúnra mi ni mo wọ ṣòkòtò Bàámi, tí mo mú un débẹ̀, tí mo nawọ́ sí òkìtì náà. Wọ́n ti yí ẹ̀ka páìpù padà báyìí. Wọ́n sọ ọgbà yí ibẹ̀ ká, wọ́n gbé bọ́ọ̀dù tí wọ́n ya ọ̀nì sí dúró. Gbogbo àdúgbò ló ti mọ̀. Àwọn kan ń wá ya fọ́tò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo já okùn tàkúté kan lẹ́bàá ọgbà náà, mo sì dáná sun ún. Ohun tí ẹ ń bẹ̀rù kì í ṣe irọ́, mo mọ̀. Mo ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí ẹ̀yìnkùlé kí ojú mi lè máa tó ibẹ̀. Baba oníkatapílà náà máa ń yà wò ó tó bá ń lọ jẹun ọ̀sán.

Tí ẹ bá fẹ́ bá ẹnì kan wí, ẹ bá mi wí. Ẹ má bá ọmọbìnrin náà wí, ẹ má bá àwọn onípáìpù wí. Èmi ni mo sọ.

Láàárọ̀ yìí, mo dẹtí sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì náà, mo sì gbọ́ tí àwọn ọmọ ń ké nínú ẹyin, bí wọ́n ṣe máa ń ké tí wọ́n bá fẹ́ jáde. Ohùn wọn kéré gan-an. Ọmọbìnrin náà ti ní kí n pe òun tí mo bá ti gbọ́ ọ. Màá pè é. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún.

Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí àárò yín ń sọ.