Ìràwọ̀ Tí Kò Sí Nínú Àtẹ̀jíṣẹ́ Yín

Màámi,

Ara mi le, iṣẹ́ sì ń lọ dáadáa ní Addis. Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ yín pé ara yín ti yá, pé ẹ jẹ búrẹ́dì kocho yó. Inú mi dùn.

Ṣùgbọ́n fóònù yín kò ní lẹ́tà èdè Gúrágé wa kan yẹn. Àmì ìràwọ̀ (*) lẹ máa ń tẹ̀ dípò rẹ̀. Báwo ni lẹ́tà náà ṣe wá wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ yín lọ́tẹ̀ yìí? Fóònù tuntun bíi ti ẹ̀gbọ́n mi Degemu ló ní i. Mo pè é lọ́sàn-án gangan, ó ní, "Màámi ń sùn. Asnakech, ìwọ náà ń fura jù."

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, kí ẹ sì fi ìràwọ̀ kan péré ránṣẹ́ sí mi. Àwọn àgbà àdúgbò ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi láti ìdájí, bí wọ́n ṣe máa ń wá túfọ̀ fún èèyàn. N kò ní ṣílẹ̀kùn títí ìràwọ̀ yẹn á fi dé.