Ìgbà Tí O Di Ohùn Tíṣà

                                        Ilé Alájà Kan,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́,
                                        Òpópónà Ilé-Ẹjọ́ Àtijọ́.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ọmọ Bíríkìlà, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń da Bàbá láàmú ti ń san? Àwa náà ń bẹ níbí, a ò ráhùn.

Ọ̀rọ̀ kan ń hó nínú mi, mi ò sì lè dúró dìgbà tí a bá fojú kan ara wa. Mo rí Tíṣà wa lọ́sẹ̀ tó kọjá! Mo mú ìyá mi lọ sílé ìwòsàn nítorí ojú tó ń dùn wọ́n, ni mo bá gbọ́ lẹ́yìn mi, "Ọmọ Télọ̀ aláriwo!" Ta ni ì bá tún jẹ́? Irun wọn ti funfun báláú, ṣùgbọ́n ojú wọn ṣì ń wo èèyàn bíi pé èèyàn ò tíì ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Bí a ṣe jókòó báyìí, ìbéèrè tó ti wà nínú mi láti kékeré ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ṣé o rántí ọdún tí ohùn Tíṣà lọ? Yàrá kan ṣoṣo ni ilé-ìwé wa, kíláàsì mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, àwọn nìkan ló sì ń kọ́ gbogbo wa. Dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ rárá títí ọ̀fun wọn yóò fi san. Ẹ̀rù ń ba àwọn òbí wa pé bí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ bá gbọ́, wọ́n á ti ilé-ìwé náà pa, a ó sì máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìlú kejì. Ni Tíṣà bá mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n kọ ọ́ sójú pátákó pé àwọn ń wá ẹni tí yóò máa ka ohun tí àwọn bá kọ sí etígbọ̀ọ́ gbogbo kíláàsì. Gbogbo wa nawọ́. Ìwọ tí o ò nawọ́, ìwọ akólòlò tí "ẹ káàárọ̀" máa ń há sí lọ́fun, ìwọ ni wọ́n nàka sí! A rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run wá.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ? Ohun tí mo bi wọ́n nìyẹn.

Wọ́n ní, "Ẹ̀yin tó kù ń sọ̀rọ̀ bí òjò orí páànù. Àwọn ọmọ kékeré ò lè bá yín. Òun ò lè kánjú, kódà bó fẹ́."

Mo wá rán wọn létí ọjọ́ tí ọ̀gá láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ dé lójijì, tó káwọ́ sẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà. O kàwé dé orí "ìmọ́tótó", ó sì há. Ọ̀gá náà la ẹnu láti bá ọ sọ ọ́, Tíṣà gbé ìka kan sókè. Kódà ọmọbìnrin káfíńtà tí kì í panu mọ́, ó panu mọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà máa jáde, odindi ló jáde, kíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbà á lẹ́nu rẹ. Ọ̀gá náà mi orí, ó ní ẹ̀kọ́ ń lọ níbí, kí a máa bá a lọ. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àbí?

Ọ̀rẹ́ mi, jókòó dáadáa kí o tó ka èyí tó kù. Tíṣà wo fèrèsé, wọ́n ní, "Ohùn mi ti padà kí ọkùnrin yẹn tó dé. Mo ti ń fi bá ọkọ mi jà nílé."

Mo pariwo, "Ẹ̀yin Tíṣà! Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀ títí a fi gba ọlidé?"

"Bí mo bá sọ̀rọ̀, ọmọ yẹn á padà sẹ́yìn kíláàsì, kò sì ní la ẹnu mọ́."

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè fọkàn kúrò níbẹ̀. Ìwọ lo máa ń bá wọn gbé ìwé délé. Ṣé o ò gbọ́ kí wọ́n fẹnu sọ nǹkan kan rí? Àbí o mọ̀, o kàn ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀, kí wọ́n má baà gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ? Mo bi Tíṣà. Wọ́n ní àwọn náà ti ń fẹ́ mọ̀ tipẹ́, kí n bá àwọn bi ọ́.

Bá mi kí Bàbá, sì kí àwọn ọmọ pé mo ń bọ̀ wá yọ wọ́n lẹ́nu.

Èmi tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà,

Ọmọ Télọ̀.