Zośka Ló Máa Bá Mi Gbẹ̀san

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹrin
Òjò dídì láàárọ̀, oòrùn lọ́sàn-án, yìnyín nírọ̀lẹ́. Ojú ọjọ́ yìí ti ya wèrè. Àwọn ọmọ tòmátì mi wà lójú fèrèsé nílé, wọ́n ń na ọrùn wá ìmọ́lẹ̀. Mo-Mọ̀-Tán, aládùúgbò ọgbà mi, ti wà nínú ọgbà rẹ̀ láti àárọ̀, ó ń súfèé. Mo kí i. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i — ẹ̀rín orí ètè lásán.

Ọjọ́rú, 6 Oṣù Kẹrin
Jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí inú mi má baà rọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, oòrùn oṣù Karùn-ún tètè mú. Zenon (òun ni Mo-Mọ̀-Tán) fara ti wáyà tó là wá láàárín, ó ní, "Ìyáàfin Lodzia, ẹ gbin nǹkan yín, ẹ jàre! Zośka wo? Ìtàn àwọn ìyá arúgbó." Mo sì gbà á gbọ́. Èmi tí ìyá mi kọ́ pé èèyàn kì í gbé tòmátì síta kí àwọn ẹni mímọ́ olótùútù mẹ́ta tó kọjá, Pankracy, Serwacy, Bonifacy, kí Zośka, ẹni mímọ́ obìnrin tó ń tẹ̀lé wọn lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Karùn-ún, tó kó òtútù lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Bonifacy, Zenon fi kúbùsù bo tirẹ̀. Kò pè mí. Wáyà lásán ló wà láàárín wa, kò pè mí! Ilẹ̀ mọ́, gbogbo tèmi dúdú bí ẹ̀fọ́ tó jóná.

Tòmátì Mietek ọkọ mi wà nínú rẹ̀. Èyí tí ìyá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́, tí ewé rẹ̀ fẹ̀ bí ewé pòtétò, tí kò ní eyín létí. Kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Gbogbo kóró tó kù ni mo gbìn, n kò tọ́jú ẹyọ kan. Mietek kú lẹ́ẹ̀kan, ìrì dídì tún un pa.

Lóṣù Kẹjọ Zenon gbé àwo tòmátì wá bá mi, ó ti gé e síwẹ́wẹ́, ó fi aṣọ bò ó. Mo dà á fún adìẹ Bronka ọ̀rẹ́ mi, n kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Ajé, 18 Oṣù Kẹrin
Ọjọ́ kejì Àjíǹde, ọjọ́ tí ọkùnrin ń da omi lu obìnrin. Àná oòrùn, lónìí òjò dídì. Mo-Mọ̀-Tán da garawa omi lé mi lórí láti òdì kejì wáyà. Ó ní, "Kí ẹ lè rú bí ewé, Ìyáàfin Lodzia!" Àṣà ni, kò sẹ́jọ́. Eyín mi ń gbá ara wọn títí mo fi délé. Máa rẹ́rìn-ín, Zenon.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Oṣù Kẹrin
Yìnyín lu sàláádì mi pa. Mo ṣépè fún ojú ọ̀run, mo ṣẹ́ ìyókù fún Zenon.

Ọjọ́bọ̀, 28 Oṣù Kẹrin
Bronka ní ọmọ-ọmọ Zenon máa gba Kòmúníọ̀nù àkọ́kọ́ ní ìlú Kielce. Ọjọ́ wo? Ọjọ́ Zośka gan-an! Zenon yóò lọ ní Sátidé tó ṣáájú rẹ̀, yóò dé ní Mọ́ńdè. Mo tún bi Bronka léèrè kó lè dá mi lójú. Ó ní, "Kí ló kàn ọ́? Ṣé o fẹ́ bá a lọ ni?" Mo ní, ọjọ́ ayọ̀ ni, kí Ọlọ́run bá wọn ṣe é. Mo jẹun yó lónìí.

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Karùn-ún
Ooru. Gbogbo èèyàn ti bọ́ sùwẹ́tà. Mo ń ronú. Zenon ò lè gbà kí ẹlòmíì ṣáájú òun — àìsàn rẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Karùn-ún
Mo ṣa àwọn hẹ́gẹhẹ̀gẹ inú ọmọ tòmátì mi, àwọn tí mo fẹ́ dànù tẹ́lẹ̀. Mo gbìn wọ́n sórí ebè lójú rẹ̀, mo bu omi rin wọ́n pẹ̀lú orin. Ó sáré dé ibi wáyà. "Ẹ̀yin náà ti gbìn? Mo ṣebí Zośka lẹ ń dúró dè!" Mo ní, "Ìtàn àwọn ìyá arúgbó." Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti gbin gbogbo tirẹ̀.

Àwọn tó dáa wà nílé, lójú fèrèsé. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Karùn-ún
Pankracy ò mú òtútù wá lánàá. Serwacy náà ò mú un wá lónìí. Zenon ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Àwọn ẹni mímọ́ yín wọ ṣòkòtò péńpé lọ́dún yìí o!" Bonifacy, má dójú tì mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Karùn-ún
Zenon kọjá lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè pẹ̀lú kóòtù àti táì, ó ń ti kẹ̀kẹ́ tuntun tí wọ́n so rìbọ́nnì funfun mọ́, ẹ̀bùn ọmọ náà. Ó dúró. "Ìyáàfin Lodzia, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fojú sí tòmátì mi. Bí òtútù bá fẹ́ dé, kúbùsù wà nínú ahéré mi." Mo ní, "Ẹ lọ re, ẹ bọ̀ re." N kò ní mo gbọ́, n kò ní n kò gbọ́.

Ìrọ̀lẹ́: afẹ́fẹ́ dákẹ́. Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Èéfín ilé ìsàlẹ̀ ò gòkè, ó sùn sílẹ̀ nínú àfonífojì níbi tí òtútù máa ń sùn sí, ibẹ̀ gan-an sì ni ọgbà wa wà. Rédíò ní kò ní tutù tó bẹ́ẹ̀. Kí ni rédíò mọ̀? Mo wo ahéré Zenon. Mo ti géètì mi, mo lọ sílé lọ jẹ ọbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Karùn-ún. Zośka.
Mo ti dé ibẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Gbogbo koríko funfun. Tòmátì Zenon ti dúdú, wọ́n dorí kodò láti ebè dé ebè. Mo rẹ́rìn-ín sókè, èmi nìkan, bí wèrè. Ó dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n lè rí ìlà iwájú dáadáa, èyí tó sún mọ́ wáyà mi. Ewé fífẹ̀. Kò ní eyín létí.

Mo ṣí géètì rẹ̀. Mo fọwọ́ kàn wọ́n níkọ̀ọ̀kan títí dé ìdí. Gbogbo wọn ti rọ̀ pátápátá. Mo gbé kúbùsù jáde, mo bò wọ́n nínú oòrùn bí ẹni ń bo òkú.

Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Karùn-ún
Zenon dé. Ó fi bébà we àkàrà òyìnbó Kòmúníọ̀nù wá fún mi. Ó ṣí kúbùsù, ó ṣí fìlà. Ó ní Mietek ló fún òun ní kóró yẹn kí ó tó kú, pé Mietek ní, "Bá mi tọ́jú ẹ̀, Lodzia kì í fi nǹkan pamọ́." Ó ní lọ́dún tó kọjá, ọtí ló gbé òun lọ lálẹ́ ọjọ́ ìrì dídì yẹn, òun ò rántí pè mí, ojú sì ti òun láti wí i. Igi kan ṣoṣo nínú kóró Mietek ló so fún òun, gbogbo èso rẹ̀ ló wà nínú àwo oṣù Kẹjọ, kí n lè mú kóró níbẹ̀. "Ẹ ò sọ nǹkan kan. Mo ní bóyá bí ẹ bá rí i lórí igi, inú yín á yọ́. Ni mo bá gbin gbogbo kóró tó kù síwájú yín."

Ó wo àwọn hẹ́gẹhẹ̀gẹ mi tó kú sórí ebè. Ó ní, "Tiyín náà lọ. Ẹ má sunkún, Ìyáàfin Lodzia. Ta ló lè mọ̀? Bí mo ṣe rí i pé ẹ̀yin gan-an ti gbìn, mo ní kò séwu mọ́ nìyẹn."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Karùn-ún
Oòrùn. Kò sí òtútù mọ́ títí dìgbà ìkórè. Àwọn ọmọ tòmátì mi ti kún ojú fèrèsé, wọ́n ti ń yọ òdòdó. N kò mọ ibi tí mo máa gbìn wọ́n sí tí Zenon ò ní rí wọn.