Bàtà Tí Brussels Kò Rí

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá

Ohun tó bàjẹ́: fíìmù wa. Ní Kortrijk, ìlú wa, àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín sí ibi ìsìnkú inú rẹ̀ títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Ní Brussels lánàá, wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́. Fíìmù kan náà! Ta ló mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀? Joris tó darí rẹ̀ ní òun ti mọ̀. Liesbet tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní òun mọ̀ ṣáájú Joris. Kò sẹ́ni tó sọ fún èmi tí mo ni iṣẹ́. Ọ̀gá sinimá Brussels máa tún un wò lọ́jọ́ 16. Bí àwọn òǹwòran ò bá rẹ́rìn-ín, kò ní gbà á mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Ibi ìsìnkú nínú fíìmù náà: Staf dúró létí sàréè bàbá rẹ̀, ó ń fọ́nnu pé òun nìkan ló tọ́jú rẹ̀. Nísàlẹ̀ àwòrán, ajá olóògbé bọ́ bàtà kan lẹ́sẹ̀ Staf, ó jù ú sínú sàréè. Ọ̀gá Olójú — Joris — ní ọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù. Ìyá Ọlọ́rọ̀ — Liesbet — dá a lóhùn: "Ọ̀gbẹ́ni, ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n rẹ́rìn-ín sí. Ajá tìẹ, ajá lásán ni."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Sí èwo?

Ọjọ́rú, 8

Mi ò tíì mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 9

Brussels. Maurits tó ń fi fíìmù hàn ní sinimá náà tún fi í hàn mí. Mo ní ṣé bàtà yẹn kò pa á lẹ́rìn-ín ni. "Bàtà wo, Màdámù? A kàn rí Staf tó ń rìn lọ sílé láìwọ bàtà lẹ́sẹ̀ kan. A rò pé orí rẹ̀ ti yí ni."

Mo wojú àwòrán. Èdè apá ọ̀dọ̀ wa ni Staf ń sọ, wọn ò gbọ́ ọ níbí. Ìtumọ̀ ìlà méjì ló wà nísàlẹ̀, Faransé àti Dutch — gẹ́lẹ́ lórí ajá. Kortrijk ò nílò ìtumọ̀, ajá hàn kedere níbẹ̀.

Ta ló ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀? Mo yẹ ìwé wò. Èmi ni mo buwọ́ lù ú.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Mo jẹ́wọ́ fún àwọn méjèèjì. Ká gbé ìtumọ̀ sókè? Ojú Staf ló wà níbẹ̀. Àfi ká gé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Joris ń jó. Liesbet ò bá a jiyàn — ọdún mẹ́sàn-án, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ó wá bi mí jẹ́ẹ́jẹ́: "Kortrijk ńkọ́? Bí ọ̀rọ̀ bá lọ, ṣé wọ́n á ṣì rẹ́rìn-ín?"



Ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí i nìyí: "Liesbet, jọ̀ọ́, fi gbólóhùn kan péré sílẹ̀ fún Staf, kó sọ ọ́ kí ajá tó dé. Ìwọ ni kó o yàn án, kì í ṣe Joris. Mo fẹ́ ẹ lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, èmi ni mo máa gé e."